Ọta Iná tí Ọkọ Mi Ta sí Ojú Ọ̀run

Òórùn ẹ̀tù àti ẹ̀kọ ló gba gbogbo iyàrá wa ní àdúgbò Gàmbàrí nígbà tí òyìnbó tó ń ṣe ojú irin gba ọkọ mi síṣẹ́ kàfíńtà. Òyìnbó náà fẹ́ràn ọta iná tó ń fò, ó sì kọ́ ọkọ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Á ká ìwé líle mọ́ igi, á fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́, á fa igi yọ, á wá ki ẹ̀tù ìbọn sínú rẹ̀ pinpin. Ihò tín-ín-rín ló ń fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún iná, á sì so ọ̀pá gígùn mọ́ ọn bí ìrù, kó má baà ta kiri. Mo máa ń wò ó, ọ̀rẹ́ mi, kò yé mi. Iná tó kọjú sílẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ gbé nǹkan lọ sókè?

Ọ̀rọ̀ náà dé etí bàbá mi. Àáfà ni wọ́n, wọ́n sì gbà pé ìràwọ̀ tó ń já lójú ọ̀run, àlùjọ̀nnú ni Ọlọ́run fi ń lé. Wọ́n dé lẹ́yìn ìrun alásàrí.

"Ta ni ọkọ ẹ ń lé lójú ọ̀run?" ni wọ́n bi mí. "Di ẹrù ẹ, ká máa lọ."

Mo di ẹrù, mo tú u, mo tún un dì. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, n ò sì ta ko bàbá mi rí. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọta náà lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó mú ìyàwó mi lọ."

A jọ lọ sí pápá. Ó gbé ọta náà ti igi kan, ó fi iná sí i. Ó hó ṣùù, èéfín funfun bò wá lójú, bàbá mi di fìlà wọn mú. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti dà bí eṣinṣin lókè, a ò sì rí i mọ́.

"Kí ló tì í sókè?" ni bàbá mi bi ọkọ mi.

"Bàbá, bí ọdẹ bá yìnbọn, ọta á lọ síwájú, ìdí ìbọn á ta á léjìká sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Èéfín ń sá lọ sísàlẹ̀, ìwé ń sá lọ sókè."

Bàbá mi wòkè títí.

"Ohun tí mo rí yìí ò yé mi," ni wọ́n wí. "N ò sì lè fi ohun tí ò yé mi tú ilé ọmọ mi."

Wọ́n yí padà, wọ́n lọ. Èmi dúró síbẹ̀, n ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún. Títí dòní, àlàyé ọkọ mi ò tíì yé mi tán. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ tí mo bí fún un ló wà láyé nítorí pé bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò máa ń wá bi léèrè ọ̀rọ̀, gbà lójú àna wọn pé àwọn ò mọ̀.