Ọwọ́ Tí Mo Fi Buwọ́ Lùwé Etíkun

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń pè mí ní akọni, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kùnà. Irun mi ò tíì funfun nígbà náà, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa ọmọ etíkun tó ń gbé ní Bìní. Epo rọ̀bì ya bo etíkun ìlú ìyá mi. A dúró sẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́ elépo náà ní Sapele Road fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, tòjò toòrùn. Ohun kan ṣoṣo la ń bèèrè: ẹ fọ etíkun wa.

Wọ́n gbà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n ní kí n wá wò ó. Iyanrìn funfun báláú. Mo buwọ́ lùwé pé ó ti mọ́. N ò tilẹ̀ bọ́ bàtà!

Àbúrò ìyá mi tí mo ń pè ní Màmá, tó ń pa akàn tà jẹun, ń wò mí.

"O ti buwọ́ lù ú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. A ti borí."

"Ọwọ́ wo?"

Mo na ọ̀tún.

"Fi wa ilẹ̀."

Mo kúnlẹ̀, mo wa á. Kò tíì dé ìgúnpá tí mo fi kan epo dúdú tó ń rùn. Ìgbì ti fọ òkè, ó sì ti kó iyanrìn bo ìyókù.

"Abẹ́ ibẹ̀ ni akàn ń gbé, ọmọ mi. Kì í gbé òkè."

Mo sáré padà sí Sapele Road. Ọ̀gá ibẹ̀ na ìwé náà sí mi: "Oga secretary, no be your hand be this?" Mo ké sí ẹgbẹ́, àwọn díẹ̀ ló jáde. Ṣebí èmi náà ni mo sọ fún wọn pé ìjà ti parí. Ojú tì mí, ó ṣì ń tì mí.

Ọdọọdún ni mo ń kúrò nílé mi ní Oregbeni, ní Bìní, lọ wa ilẹ̀ yẹn. N kò gbádùn ara mi tí n kò bá lọ. Ibi tí ìgbì ń lù ti ń sàn, ihò akàn ti ń yọ níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nínú ẹrẹ̀ ẹ̀yìn ìlú, níbi tí ìgbì kì í dé, epo ò lọ. Màmá sì kú kí ihò kan ṣoṣo tó yọ.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin mi bá mi lọ.

"Daddy, but una win na. See as e white."

"Wa ilẹ̀."

Mo mú un lọ sẹ́yìn ìlú. Ó wa ẹrẹ̀ ibẹ̀ títí dé ìgúnpá, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, ó yíjú sí mi.

"Who tell dem say e don clean?"

Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi.