Aṣọ Tó Bá a Mu Ni Kó Fi Ránṣẹ́

Ọmọ aránṣọ ni mí, n kò sì ní fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni ìyá mi ti ń ránṣọ. Bí oníbàárà ọ̀nà jíjìn bá kọ ìwọ̀n ara rẹ̀ sórí ìwé ránṣẹ́, Màmá kì í gbà á. Wọ́n á ní kó fi bùbá kan tó bá a mu dáadáa ránṣẹ́. Wọ́n á tẹ́ ẹ lé aṣọ tuntun, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, wọ́n á gé e.

Lọ́dún tí epo wọ́n, tí iná kì í dúró, èmi àti ọmọ Oǹdó kan jọ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń ra kòkó ní Oǹdó. A fi hàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó sì já wa kulẹ̀: àpò kòkó wọlé, orúkọ olóko pòórá. Bàbá alága ní báwọn bá tún rí irú rẹ̀, àwọn á padà sídìí ìwé ńlá tí àwọn fi ń ṣàkọsílẹ̀, kí àwa náà gba ilé lọ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tá a ní nìyẹn.

Mo jókòó tì í. Ohun kan wà nínú ètò náà tí àwa akọ̀tò ń pè ní kíláàsì, ìyẹn àwòṣe tó sọ bí àpò kòkó ṣe rí: ìwúwo rẹ̀, bó ṣe gbẹ tó, olóko tó ni ín. Ṣùgbọ́n ẹnìkejì mi tún fọwọ́ kọ àpèjúwe àpò yìí kan náà síbòmíràn, kí àwọn apá ètò yòókù lè mọ̀ ọ́n. Nígbà tá a fi olóko kún kíláàsì, kò sẹ́ni tó rántí èkejì. Inú bí mi, ẹ̀rín sì tún pa mí. Ṣebí ìwọ̀n orí ìwé tí Màmá kì í gbà náà nìyí!

Mo pa àpèjúwe yẹn rẹ́. Ìlà kan ni mo fi rọ́pò rẹ̀, tó ní kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ fa àpèjúwe náà yọ látinú kíláàsì. Ló bá fa ìlà pupa sábẹ́ gbogbo ibi tá a ti gbàgbé olóko. Ẹnìkejì mi ní ọgbọ́n télọ̀ leléyìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Nígbà tá a padà dé Oǹdó, Bàbá dán wa wò: wọ́n ní ká fi abúlé olóko kún un lójú àwọn. Mo kọ ọ́ sínú kíláàsì nìkan; kọ̀ǹpútà tọ́ka àwọn ibi tó kù, a tún wọn ṣe. Àpò wọlé, olóko wọlé, abúlé wọlé. Bàbá wo ojú ẹ̀rọ títí, wọ́n wá bi mí pé ta ló kọ́ mi.

"Ìyá mi ni, sà. Aránṣọ ni wọ́n."

Orí mi wú bí mo ṣe sọ ọ́. Bàbá gbé ìwé ńlá wọn kúrò lórí tábìlì, wọ́n ní kí n gbé kọ̀ǹpútà mi síbẹ̀.