Ọ̀sán Tí Wọ́n Sun Táksí Baba

Òórùn gọ́ọ̀mù ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn yàrá mi ní Agbowó nígbà náà, kí ti ọ̀dà tó tẹ̀lé e, kí ti ike tí mo ti fi sáńpépà ha sì wá kẹ́yìn. Yíya àwòrán ilé àti ẹ̀rọ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé girama kan ní apá Challenge, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọkàn mi máa ń fà sí láti àárọ̀ wà lórí tábìlì nílé: mọ́tò kékeré àfọwọ́ṣe, tí gígùn rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rí bíi ti ńlá gẹ́lẹ́. Àbúrò mi tó wà lókè òkun ló máa ń fi páálí wọn ránṣẹ́ sí mi. Wẹ́wẹ́ ni mọ́tò náà máa ń wà nínú páálí. Èmi á fi abẹ gé e, n ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, n ó kùn ún, n ó fi ẹ̀mú tíńtín gbé iná iwájú sí àyè rẹ̀ láì mí. Ìwọ ọ̀rẹ́ mi náà mọ̀ mí, o mọ̀ pé n kì í tètè bínú. Mo lè fi ọjọ́ mẹ́rin ha bọ́nẹ́ẹ̀tì kan, kí n rí i pé kò tẹ́jú, kí n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ láìráhùn.

Ìgbà tó yá, mọ́tò òyìnbó sú mi. Mo fẹ́ ṣe táksí Ìbàdàn, Máíkírà tó ti gbó, tó ṣì ń ná Ring Road bí ẹni pé kò gbó. Kò sí páálí tó ń gbé irú ìyẹn wá, nítorí náà èmi fúnra mi ni mo ní láti gé e láti ara ike pẹlẹbẹ àti agolo mílíìkì. Ti Baba onítáksí tó ń gbé mi láti Agbowó lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ ni mo mú. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti ń gbé mi. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, irùngbọ̀n wọn ti funfun, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Tísà" ni wọ́n ń pè mí, "Baba" ni mo ń pè wọ́n. Nígbà tí mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n wọn mọ́tò náà, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Tísà, mọ́tò tí ojú ń ti èmi gan-an láti gùn, òun lẹ fẹ́ yà?"

Wọ́n gbà fún mi. Fún bí oṣù méjì, mo ń fi téèpù wọn mọ́tò wọn nígbà tí wọ́n bá ń dúró de èrò, mo ń fi fóònù ya iná ẹ̀yìn rẹ̀ tó fọ́, mo ń dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Inú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nìkan gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí pé kò sí aṣọ tàbí awọ kankan lára rẹ̀. Irin lásán ni, wáyà aláwọ̀ ewé yọ láti inú ihò kan, okùn ọ̀rá sì ni èrò fi ń fà á tì. Bí o bá jí mi lójú oorun, mo lè ya gbogbo ojú ọgbẹ́ ara táksí náà sórí ìwé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a jáde níbi iṣẹ́, mo gbọ́ òórùn pẹtiróòlù ní Challenge kí n tó rí èrò. Ó ń rùn bí ẹni pé wọ́n fi fọ títì. Mo rò pé mọ́tò ló kọlu mọ́tò. Ìgbà tí mo sún mọ́ wọn ni mo rí Baba lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táksí wọn, fìlà wọn ti bọ́, ẹ̀jẹ̀ ń ti etí wọn ṣàn wọ ọrùn ẹ̀wù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì pupa gbé igi pákó sókè, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ sí apá wọn. Mo gbọ́ bí eegun náà ṣe dún. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá dá igi ìdáná lórí orúnkún. Baba fi apá kejì bo orí.

Obìnrin kan tí wọ́n fi báńdéèjì wé orúnkún rẹ̀ ló dúró láàárín, tó ń sunkún, tó ń nawọ́ sí iná ẹ̀yìn táksí náà. "Òun ni. Inú ẹ̀ ni wọ́n ti tì mí jáde lánàá." Mo gbọ́ ìyókù lẹ́nu àwọn èrò: àwọn kan tó ń fi táksí jalè gbé e ní Ring Road, wọ́n gba báàgì rẹ̀, wọ́n sì tì í bọ́ sílẹ̀ lórí eré. Iná ẹ̀yìn táksí àwọn olè yẹn náà fọ́. Obìnrin náà rí ti Baba lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó figbe ta. Kò ju ìyẹn náà lọ. Ẹnì kan ti ń yí táyà bọ̀ láti òdìkejì títì.

Mo wọ àárín wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ mọ́tò yìí. Mo mọ Baba yìí. Wọn kì í ṣe olè."

Onísíńgílẹ́ẹ̀tì pupa yíjú sí mi. "O mọ̀ ọ́n? Kí lorúkọ ẹ̀?"

Ọ̀rẹ́ mi, n kò mọ̀ ọ́n. Fún ọdún méjì, ẹ̀yìn ọkùnrin yẹn ni mo ń jókòó sí láràárọ̀. "Baba," ni mo sọ. "Baba ni mo máa ń pè wọ́n."

"Baba ta ni?"

Mo yọ fóònù mi, mo ní kí n fi àwòrán hàn wọ́n, kí wọ́n lè gbà pé mo mọ táksí náà ní tòótọ́. Ohun tó wá burú jù nìyẹn. Àwòrán ilẹ̀kùn, àwòrán táyà, àwòrán nọ́ńbà, bí ọgọ́rùn-ún. "Ẹ wá wò ó," ni ẹnì kan wí, "gbogbo ara mọ́tò ló yà. Wọ́n jọ ń ṣe é ni." Ìgbátí àkọ́kọ́ gbé awò ojú mi lọ. Pákó bá mi lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, mo ṣubú lé Baba lórí, ara wọn gbóná. Mo ní láti sọ eléyìí fún ọ, torí n kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi: ìgbà tí mo rí i pé wọ́n fẹ́ fi táyà kọ́ Baba lọ́rùn, mo bu ọwọ́ tó di táyà náà mú jẹ títí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Mo já pákó gbà, mo sì fi gbá onísíńgílẹ́ẹ̀tì pupa lẹ́nu. Mo rí eyín tó fò jáde. Inú mi dùn. Kì í ṣe pé ọkàn mi balẹ̀ o, inú mi dùn gan-an ni, mo sì gbé pákó náà sókè láti gbá a lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n tó fi irin kan dá mi wólẹ̀.

Ẹsẹ̀ obìnrin náà ló wà níwájú mi nígbà tí mo lajú. Mo di etí aṣọ rẹ̀ mú. "Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí wọ́n ń tì yín, kí lẹ dì mú nínú ilẹ̀kùn?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń tojú oorun bọ̀. "Awọ pupa," ló wí. "Mo di awọ pupa mú, ó ya mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ẹ wo ilẹ̀kùn Baba."

Ó wò ó. Irin lásán, wáyà, okùn ọ̀rá. Mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. "Kì í ṣe òun," ló wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dé ibi kankan. Ó tún un wí, wọn ò gbọ́. Ó wá da ara rẹ̀ lé Baba lórí pẹ̀lú orúnkún tó ti bó. "Kì í ṣe òun, mo ṣèèṣì ni. Bí ẹ bá máa sun ún, ẹ sun èmi náà mọ́ ọn."

Ọwọ́ àwọn tó wà níwájú dúró. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yí, wọ́n ti ṣáná sí táksí. Ó gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi àti obìnrin náà wọ́ Baba lórí ọ̀dà títì bí ẹni ń wọ́ àpò gàrí, dígí mọ́tò sì ń bẹ́ lẹ́yìn wa. Nígbà tí táyà àkọ́kọ́ bú gbàù, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀. Kò sí ẹni tó kí wa pẹ̀lẹ́. Àwọn kan padà sí ìsọ̀ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń tajà lọ.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì mú bírò, ó wojú mi. "Kí lorúkọ wọn?" Obìnrin náà wojú mi pẹ̀lú, ó ṣáà ti rò pé ẹbí ni wá. Baba fúnra wọn ló dáhùn pẹ̀lú ètè tó ti wú, orúkọ wọn àti ti bàbá wọn. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Tísà, kí ni wọ́n ń pe ẹ̀yin gan-an?" Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ní ká ní àwọn ni wọ́n bi léèrè orúkọ mi ní Challenge, Tísà nìkan ni àwọn náà ì bá rí sọ.

A kì í pe àgbà lórúkọ, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, mo sì ti fi í ṣe àwáwí fún ara mi nígbà kan. Ṣùgbọ́n ká má pe orúkọ yàtọ̀ sí ká má mọ̀ ọ́n. Mo ti bi ara mi léèrè ìdí tí mo fi lè dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò fún oṣù méjì tí n kò sì bi ẹni tó ń wà á ní ìbéèrè kan. Ohun tí mo rí ni pé mọ́tò kì í wo èèyàn padà. O lè wò ó tẹ́rùn, kò ní béèrè nǹkankan lọ́wọ́ rẹ. Ní ti ọwọ́ mi tó gbé pákó, n kò tíì rí ohun tí mo lè sọ nípa rẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé ẹni tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ ni onísíńgílẹ́ẹ̀tì pupa náà, ìyẹn ló sì jẹ́ kó rọrùn fún mi.

Ojú ọ̀tún Baba fọ́, apá wọn kò sì nà tán mọ́. Wọn kò wa táksí mọ́. Iwájú ilé wọn ní Baṣọ̀run ni wọ́n máa ń jókòó sí, níbi tí ìyàwó wọn ti ń ta búrẹ́dì, mo sì máa ń yà síbẹ̀ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo máa ń sọ̀rọ̀ ṣáá, mo máa ń wo búrẹ́dì, mo máa ń wo títì, kí n má baà wojú wọn. Ní báyìí, ojú kan tó kù fún wọn máa ń wò mí pẹ́, èmi náà a sì jókòó, n ó jẹ́ kí wọ́n wò mí.