Ọjọ́ Tí Bàbá Ìyàwó Dákẹ́ Lórí Fóònù

Mi ò bá ìdílé Rafíátù tan, síbẹ̀ èmi ni wọ́n fi fóònù lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ yìgì rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni. Abẹ́ agbòjò ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin, tí àwọn èèyàn ń tò láti fi fóònù mi pe ọmọ wọn n'Ílọrin. Nísinsìnyí, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń bá àwọn àgbà pe ẹni tó wà lókè òkun, tí wọ́n á sì máa rí ojú ara wọn. Ìyá Fóònù ni gbogbo ìlú ń pè mí, àwọn ọmọdé ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo lórúkọ mìíràn.

Kánádà ni Sálíù, bàbá Rafíátù, wà. Ó ti kọ́kọ́ fárígá pé òun ò fẹ́ ọkọ tí ọmọ mú wá láti Odò-Ọwá, pé òun fẹ́ kí ọmọ náà wá bá òun lọ́hùn-ún. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ó ti rọ̀ ni. Àbúrò rẹ̀, Músá, ló mú ìròyìn náà wá, ó sì ní ẹ̀gbọ́n òun ti fi òun ṣe aṣojú. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló mọ̀ pé Músá fẹ́ràn ọkọ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Àfáà ní òun ò ní so yìgì kankan àfi bí òun bá gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá fúnra rẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi.

Mo pè, Sálíù yọ, gbogbo àgbàlá kí i. Àfáà gba fóònù, ó bi í bóyá ó yọ̀ǹda kí Músá fa Rafíátù fún ọkọ rẹ̀. Sálíù fajú ro, ó di ẹnu pọ̀, kò sọ nǹkan kan. A dúró. Kò sọ nǹkan kan síbẹ̀.

Músá ní kí Àfáà máa bá iṣẹ́ lọ, pé ẹni tó dákẹ́ ti gbà. Àfáà mi orí.

"Ìdákẹ́ wúńdíá, ìyọ̀ǹda ni. Ìdákẹ́ bàbá rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Bàbá ọkọ dìde, ó ká agbádá rẹ̀ léjìká, ó ní àwọn ti gbọ́ èsì. Rafíátù bojú. Ìgbà náà ni mo tún wo fóònù. Sálíù gbé ife tíì síwájú, èéfín tíì náà sì dúró gbagidi sójú kan. Èéfín wo ló ń dúró? Mo ti rí irú rẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí: nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló lọ, tó fi ojú èèyàn sílẹ̀ fún wa.

Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ní mo fẹ́ bo Músá láṣìírí. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ìjà kọ́ ló kàn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwọn obìnrin ń sá èlùbọ́ sí, nítorí ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti máa ń dáa. Mo ní ká fi àwòrán sílẹ̀, ká gba ohùn nìkan.

Àfáà béèrè ẹni tí yóò jẹ́rìí sí ohùn tí kò lójú.

"Èmi tí mo bí i," ni ìyá Sálíù wí, ó sì fa ọ̀pá rẹ̀.

Bí a ṣe tò lọ nìyẹn, Àfáà níwájú, bàbá ọkọ lẹ́yìn pẹ̀lú ojú líle, a ń yẹ èlùbọ́ kiri. Mo tún pè. Ó dún, ó já. Mo pè lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn kan sì wọlé. Mo yí ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo wa lè gbọ́, mo sì gbé fóònù sétí ìyá náà.

"Sálíù, ìwọ ni?"

"Èmi ni, iye mi. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn? Láti ìgbà tí Àfáà ti bi mí ni mo ti ń sọ pé mo yọ̀ǹda. Ọ̀fun mi ti gbẹ."

Ìyá náà ní ọmọ òun ni, ó bú sẹ́kún. Àfáà gba fóònù, ó bi Sálíù léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, èsì sì wọlé ketekete sí gbogbo wa létí. Bàbá ọkọ sọ agbádá rẹ̀ kalẹ̀ léjìká, kò lè wo ojú mi.

Ó wá ku Rafíátù. Àfáà yíjú sí i, ó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó mọ̀ pé ìdákẹ́ ni yóò gbà. Kò tíì parí rẹ̀ tí ọmọbìnrin náà fi gbójú sókè.

"Àfáà, mo gbà. Mi ò ní dákẹ́ lónìí."