Ẹnu Ọ̀nà Florrie Sugden Kò Tíì Gbẹ

Ní ọjọ́ tí ọkùnrin kánsù wá sàmì sí àwọn ilé Òpópónà Weft fún wíwó, Florrie Sugden wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ń fọ òkúta ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń fi ẹfun líle ra á kó lè funfun.

"Ẹ káàárọ̀ o, mà. Mo fẹ́ wo inú ilé yín."

"Dúró kó gbẹ, ọmọ mi. Àbí ìyá rẹ ò kọ́ ọ?"

Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Òpópónà kejì ni wọ́n ti bí Pickersgill, ọkùnrin kánsù náà, kò sì sí ọmọ ìlú ìhunṣọ yẹn tó jẹ́ tẹ ẹnu ọ̀nà tútù. Àwọn ilé náà fẹ̀yìn ti ara wọn, wọn ò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó dúró. Bí òkúta bá ti fẹ́ gbẹ, Florrie á tún bu omi lé e. Nígbà tó di ọ̀sán, ó na ife tíì sí i láti ojú fèrèsé. Pickersgill mu ún tán, ó dúpẹ́, ó gba ilé lọ.

Oṣù mẹ́ta ló fi wá bẹ́ẹ̀, torí òfin ní kí wọ́n yẹ inú gbogbo ilé wò kí katapílà tó dé. Ogún ni àwọn ilé náà. Mọ́kàndínlógún ti wà nínú ìwé rẹ̀. Èyí tó kù kò gbẹ.

Doreen, ọmọ ọmọ Florrie, kò yé fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ilé tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, tí ṣáláńgá rẹ̀ wà níta! Kí lẹ ń dáàbò bò gan-an, Màmá Àgbà?"

"Níbi tí wọ́n fẹ́ kó mi lọ, ta ló máa gbọ́ tí mo bá ṣubú?"

Ó mú irin ìkoná, ó kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹta. Kò tíì gbé e sílẹ̀ tí ohùn kan fi jáde láti ilé kejì: "Florrie, ṣé o ti ṣubú ni?"

"Rárá o. Doreen ni mò ń dá lóhùn."

Nígbà òtútù, obìnrin kan tó ń tọ́jú ilé àtijọ́ wá wo ilé Florrie. Ó ní ilé àwọn òṣìṣẹ́ ayé ọjọ́un bẹ́ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀.

"Ohun àtijọ́ iyebíye nìyí, mà. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Florrie wí. "Ilé ńkọ́?"

Wọ́n kọ òpópónà náà mọ́ àwọn tí òfin ń dáàbò bò. Florrie sì gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ sí i.

Ní òwúrọ̀ ìsìnkú rẹ̀, Doreen, tí kò fọ òkúta rí láyé rẹ̀, kúnlẹ̀, ó fọ̀ ọ́ títí ó fi funfun báláú. Ó gbàgbé pé pósí máa gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn tó gbé e dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n wo òkúta náà, wọ́n dúró gbọnin.

"Kò tíì gbẹ," ọ̀kan nínú wọn wí jẹ́jẹ́.

Pickersgill, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, wà níta, ó di fìlà rẹ̀ mú.

"Ẹ má kánjú," ó ní. "Ó ti mọ́ mi lára."

Doreen ṣí fèrèsé, ó na ife tíì sí i.