Òróró Lára Àwòrán Bàbá Mi

Agogo mẹ́wàá ni aṣojú mùsíọ̀mù òkè òkun tó fẹ́ wá gba àwòrán bàbá mi sọ pé òun máa dé. Ó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré nígbà tí mo rí òróró lára àwòrán náà.

Ọ̀dọ́ ni bàbá nígbà tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yà á. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kàwé, ní ìgbà tí àwọn ayàwòrán ibẹ̀ pa yíya ojú èèyàn tì lẹ́yìn ogun ńlá, tó jẹ́ pé àwọ̀ nìkan ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Pupa gbòòrò kan, dúdú kan tó là á kọjá, ó tán. Àlejò tó bá wọ pálọ̀ wa ní Òdìgbò á bi wọ́n ìgbà tí wọ́n máa parí rẹ̀. Ní báyìí wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń fẹ́ kí wọ́n tó kú: kí àwòrán yìí wà lára ògiri mùsíọ̀mù náà, níbi tí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn wà.

“Màmá, kí lẹ ṣe sí i?”

“Mo gbàdúrà ìrìnàjò fún un. Ṣebí òkun ló fẹ́ sọdá.”

Aládùúrà ni màmá. Kò sí ohun tó ń rìnrìn àjò nílé wa tí wọn kì í ta òróró sí, ìbáà ṣe ọmọ iléèwé, ìbáà ṣe àpò kòkó tó ń lọ sí Ọ̀rẹ̀. Mo fi aṣọ nù ún, ńṣe ló tún fẹ̀ sí i. Inú bí mi gan-an. Kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe, mo gbọ́ ìró mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọ Yorùbá ni aṣojú náà. Ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá àti màmá, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí àwòrán náà, ó sì dúró lójú ibi tí òróró wà.

“Bàbá, òróró nìyí. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fi í síbẹ̀, ara iṣẹ́ yín ni. Bó bá jẹ́ ẹlòmíì, wọn ò ní gbà á.”

Bàbá ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n gbóòórùn ìka wọn, wọ́n wá yíjú sí ibi tí màmá jókòó sí.

“Èmi ni,” bàbá ní.

Ọkùnrin náà wò mí. “Bẹ́ẹ̀ ni,” mo tètè dáhùn. Ó mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú ìwé.

“Bàbá ò mọ̀ nípa ẹ̀,” ni màmá sọ. “Èmi ni. Mi ò lè gbàdúrà fún nǹkan tán, kí n wá fi irọ́ sìn ín sọ́nà.”

A bẹ ọkùnrin náà títí. Ó ní kí a má bínú, ó sì padà lọ láìgbé àwòrán náà.

“Ẹ ti fi òótọ́ yín pa bàbá,” mo sọ fún màmá. Mi ò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ màmá títí di òní.

“Má bá ìyá ẹ wí,” ni bàbá sọ.

Màmá sún mọ́ bàbá, wọ́n di ọwọ́ bàbá mú. Bàbá ò fa ọwọ́ yọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń sunkún.