Bàbá Mi Fi Ọnà Rẹ̀ Tọrẹ, Kò Sọ Ọ́ Nù

Ó dìgbà o, Bàámi. Ó dìgbà, Àlàbí ọlọ́nà, tíṣà tó kọ́ ọmọ onílé kọ́ ọmọ àlejò ní yíya àwòrán ní Sabon Gari nílẹ̀ Háúsá. Kọ̀ǹpútà yín dákẹ́ lórí tábìlì, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹkún nìkan kọ́ ni mo gbé wá.

Nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì, ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ya ọnà òdòdó tí àwọn atẹ̀wé fi ń yí etí ìwé ká, ẹ sì ń gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́tà yín máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀: “Ẹ lò ó, ẹ pín in fún ẹlòmíràn. Ẹ má tà á. Ẹ kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀.” Àwọn ọ̀rẹ́ yín ń fi yín rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ni yóò ka lẹ́tà. Èmi ọmọ yín gan-an kò kà á sí. Mo kó ọnà náà fún àwọn ẹgbẹ́ mi ní yunifásítì, mo sì yọ lẹ́tà kúrò. Ẹ kò bú mi. Ẹ kàn ní, “Àbẹ̀kẹ́, mo fi tọrẹ ni, n kò sọ ọ́ nù.” Ojú tì mí. Ẹ ní kí n bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn.

Ẹ̀yin náà ń ṣe ohun tí ẹ ń wí. Ọkùnrin kan ní àdúgbò Hayin Dogo fún yín ní ọnà tirẹ̀. Kí ẹ tó pín in fún ẹnikẹ́ni, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú oòrùn ganrínganrín. Mo ní ṣebí ó ti fún yín. Ẹ ní, “Ó ní kí n lò ó ni, kò ní kí n pín in.”

Bàámi, ẹ wá gbọ́. Mo lọ tẹ ìwé ìsìnkú yìí lọ́dọ̀ ọkùnrin Háúsá kan tí kò mọ̀ yín rí. Ó kó ọnà sílẹ̀ pé kí n yan èyí tó wù mí. Tiyín ni mo nawọ́ sí. Kí n tó la ẹnu, ó ti ní òun kò ní tẹ̀ ẹ́ àfi bí òun bá kọ orúkọ ẹni tó yà á sí ìsàlẹ̀, nítorí lẹ́tà onítọ̀hún wà nínú fáìlì. Bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, kí n yan òmíràn. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo na ìka sí orúkọ òkú tí a fẹ́ sin, lórí ìwé tí mo mú wá. Ó fi í wé orúkọ inú lẹ́tà, ó kẹ́dùn lédè Háúsá, ó ní, “Allah Sarki.”

Ẹ ti borí, Àlàbí. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ: ẹ fi wúrà tọrẹ, ẹ di orúkọ mú. Kí àwọn tó rẹ́rìn-ín wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé yìí.

Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ sùn re o, Bàámi. Lẹ́tà yín wà lọ́wọ́ mi.